Láti Aṣẹ̀jìrẹ́ Dé Ìgèdè: Mo Gòkè Odò Ọ̀ṣun Pẹ̀lú Máàpù Lọ́wọ́

Omi ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn ń mu, omi odò Ọ̀ṣun ni. Aṣẹ̀jìrẹ́ ni wọ́n ti sé e, lójú títì tó lọ sí Ifẹ̀, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú, wọ́n sì parí iṣẹ́ ìsédò náà ní 1972. Ibẹ̀ náà ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti parí, tí ti Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀. Ará Ìbàdàn ló ń mu omi náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí kí omi ọ̀hún tó kóra jọ dé Aṣẹ̀jìrẹ́, ìkáwọ́ ìjọba mìíràn ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi rìn. Mo fẹ́ gòkè odò, láti ibi tí à ń mu ún dé ibi tó ti ń sun, kí n wo ohun tí máàpù rí, kí n sì wo ohun tí ojú rí.

Mo wọ mótò ní Ìwó Road láàárọ̀ kùtù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, títì ṣì tutù. Mo sọ̀ ní Aṣẹ̀jìrẹ́, mo lọ bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀nà. Ìyá kan ń fi páálí fẹ́ iná lábẹ́ àwọ̀n wáyà, ó ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ kì í bá iná náà rárá. Mo kí i, mo ra ti ẹgbẹ̀rún méjì náírà, mo wá béèrè bí odò ti rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ní: "Odò kì í tètè mọ́ mọ́, ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀, omi á pọ́n, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà á tún dá. Ní báyìí, àwọn ọkọ wa á kó àwọ̀n jáde, ẹrẹ̀ á pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹja lọ." Ó nawọ́ sí ìhà òkè odò. "Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún là ń rí níbí."

Ẹrẹ̀ tó bá wọ adágún kì í sáàbà jáde mọ́. Ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ni, ó ń gba ààyè tó yẹ kí omi wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi á máa ra álọ́ọ̀mù kún álọ́ọ̀mù kí omi tó lè mọ́ fún ará ìlú. Owó tó yẹ kí wọ́n fi ṣe páìpù tó ti bẹ́ ló ń bá ẹrẹ̀ lọ. Ìyá ẹlẹ́ja ò rí ìwé ìròyìn kankan kó tó mọ èyí. Ṣùgbọ́n "lọ́hùn-ún" tó nawọ́ sí, níbo gan-an ni? Òun gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan kò lè mọ̀. Ibẹ̀ ni máàpù ti wúlò.

Mo wọ ọkọ̀ mìíràn. Ní Ìkirè, àwọn ọmọdébìnrin sáré yí wa ká pẹ̀lú dòdò wọn, àwọn èrò rà, a kọjá Gbọ̀ngán, a wọ Ifẹ̀.

Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀ fúnra wọn ò mọ̀ pé ó ju ti Nàìjíríà lọ. RECTAS là ń pè é tẹ́lẹ̀, AFRIGIST ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ àjọ ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè máa kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ láti ojú òfurufú níbí dípò kí wọ́n máa lọ sí Yúróòpù. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀, Nìjẹ̀, Màlì, Bùrùkínà Fasò àti Kamẹrúùnù ń wá síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Ní July ọdún 1972 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà fi Landsat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sójú ọ̀run, sátẹ́láìtì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ ayé láìdáwọ́ dúró. Ìsédò Aṣẹ̀jìrẹ́, ilé ẹ̀kọ́ Ifẹ̀ àti sátẹ́láìtì yẹn, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ohun tí a lè fi ṣọ́ odò náà ti wà nítòsí odò náà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Ifẹ̀ jókòó tì mí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. QGIS ló ń lò, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní kó fi ibi tí omi Aṣẹ̀jìrẹ́ ti ń wá hàn mí. Ó kọ́kọ́ ṣí àwòrán gíga ilẹ̀. Ní February ọdún 2000, ọkọ̀ ojú ọ̀run Endeavour fi ọjọ́ mọ́kànlá yí ayé po, ó ń fi rédà wọn bí ilẹ̀ ti ga tó ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ ayé. Èyí tó fínnífínní jù nínú ìwọ̀n náà di ọ̀fẹ́ ní 2014, Áfíríkà ni wọ́n sì fi ṣáájú. Kọ̀ǹpútà pín gbogbo ilẹ̀ náà sí igun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 mítà ní ìbú àti ní òró, kò ju púlọ́ọ̀tì méjì lọ. Ó wá ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè: nínú àwọn mẹ́jọ tó yí ọ ká, èwo ló rẹlẹ̀ jù? Ibẹ̀ ni omi rẹ ń ṣàn lọ. Ó ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ títí, ó ń ka iye igun tó ń da omi sórí igun kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iye náà bá ti pọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ. Odò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó yà á, ìṣirò ló gbé e jáde, mo sì rí Ọ̀ṣun tó jáde lójú mi bó ṣe rí gan-an ní ilẹ̀, gbogbo kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà tẹ ojú ibi tí ìsédò Aṣẹ̀jìrẹ́ wà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ilẹ̀ tó ń da omi síbẹ̀ yí àwọ̀ padà. Ó tó nǹkan bí 7,800 kìlómítà onígun mẹ́rin. Òṣogbo wà nínú rẹ̀, Ẹdẹ wà nínú rẹ̀, apá kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ Ìwó, títí dé apá kan Èkìtì. Odò Ọ̀tìn, Erinlẹ̀ àti Ọbà, gbogbo wọn ló ń tú sínú Ọ̀ṣun kó tó dé Aṣẹ̀jìrẹ́. Àwọn òrìṣà odò tí ìtàn ti so pọ̀ tipẹ́, kọ̀ǹpútà tún so wọ́n pọ̀ fún wa. Àwọn àgbà sọ pé ibi tí Ọbà àti Ọ̀ṣun ti pàdé, omi ibẹ̀ kì í sinmi nítorí ìjà orogún. Lórí máàpù, ibi ìpàdé náà wà níbẹ̀ gedegbe. Inú mi dùn láti rí i.

Lẹ́yìn èyí, ó wá gbé ìlà ààlà àwọn ìpínlẹ̀ lé e lórí, ó gbé ti ìjọba ìbílẹ̀ lé e, ó gbé títì, ìlú, oko àti ibi tí wọ́n ń wa kùsà lé e. Bí ẹni wọ léésì sórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni: ti ìsàlẹ̀ ń yọ lójú ti òkè. Kò sí ìkankan nínú ààlà tí ìjọba fà tó bá ti omi mu. Odò ń wọ ìjọba ìbílẹ̀ kan, ó ń jáde, ó ń wọ òmíràn, alága kọ̀ọ̀kan ń ná owó tirẹ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ òun ni odò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ òun náà ló parí sí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní GIS kò ju èyí lọ ní ìpìlẹ̀: kí ohun tó wà lórí ilẹ̀ kan náà, tí ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó pamọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lè wà lójú kan. Roger Tomlinson ni wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ náà, Kánádà ló ti ṣe é ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà máa rántí ni pé Kẹ́ńyà ni ìrònú náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí Tomlinson ń bá ṣiṣẹ́ pé kó wá ilẹ̀ tó yẹ fún oko igi tí wọ́n máa fi ṣe ìwé. Láti fi ọwọ́ to máàpù lé ara wọn títí ilẹ̀ náà á fi yọ, owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè san. Tomlinson ní kọ̀ǹpútà yẹ kó lè ṣe é.

Ìbàdàn yẹ kó ti mọ iyì irú máàpù yìí ju ìlú èyíkéyìí lọ. Ní August 26, 2011, òjò tó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin rọ milimítà 187.5 sórí ìlú náà, ó gbé afárá lọ, ó wó ilé, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní 1980 nígbà tí odò Ògùnpa ya. Nígbà tó di 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là àwìn fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti dojú kọ omíyalé, yíya máàpù ibi tí omi ń gbà sì wà lára iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ rere ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀, a ti sin òkú kí á tó ya máàpù. Ilẹ̀ tí omi ń gbà kò yí padà láàrin 1980 sí 2011. Ilé tó wà lórí rẹ̀ ló pọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá àwọn ọ̀dọ́ méjì kan lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ifẹ̀, wọ́n lọ wọn oko kòkó. Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó tó bá máa wọ ọjà wọn, a gbọ́dọ̀ lè fi ojú oko tó ti wá hàn lórí máàpù, kó sì dájú pé a kò pa igbó lẹ́yìn December 31, 2020 láti gbin ín. Oko tó bá ju hékítà mẹ́rin lọ, ààlà rẹ̀ pátá ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kòkó ò dúró, wọ́n ti ń wọn oko kiri.

Bàbá olóko ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó kọ́kọ́ jókòó sórí ìtì igi, kò dìde. Ó bi àwọn ọmọ náà pé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tí ẹ bá wọn ilẹ̀ mi tán, ta ló ni ìwé rẹ̀?" Àwọn ọmọ náà ṣàlàyé kòkó, wọ́n ṣàlàyé Yúróòpù. Bàbá mi orí. "Mo gbọ́. Mo ní ta ló ni ìwé rẹ̀?"

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé ayé láti ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn dìde sí ìjọba nítorí owó orí, ó mọ̀ pé kíkà ló máa ń ṣáájú gbígbà. Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ìwé kankan, tí àlejò wá yí oko rẹ̀ po pẹ̀lú fóònù, tí wọ́n gbé ìlà rẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní rí láéláé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. Máàpù lè dáàbò bo olóko, ó sì lè tú u fó. Ẹni tó bá mú un dání ló ń pinnu.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọkùnrin kan tó ní sùúrù, kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó ní: "Bàbá, méjì la máa tẹ̀. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ yín kí á tó kúrò ní agbègbè yìí. Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa yí oko náà po, ibi tí ẹ bá ní kí á yà, ibẹ̀ la máa yà." Bàbá dìde, ó mú àdá. A tẹ̀ lé e láti pèrègún dé pèrègún, nítorí pèrègún ni àwọn baba rẹ̀ fi pààlà. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọmọkùnrin náà ń dúró títí fóònù rẹ̀ á fi gba àmì sátẹ́láìtì tán, lábẹ́ òjìji kòkó tó ṣú, èyí sì máa ń pẹ́. Bàbá dá wa lẹ́kun ní ibì kan tí pèrègún ti kú: "Ẹ má gba ibẹ̀. Bàbá Kékeré ló ni apá ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é kó wá wò ó." Wọ́n pè é, ó dé, àwọn méjèèjì dúró lé e lórí, wọ́n fẹnu kò. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ láìsí i, irọ́ ni ìlà tí wọ́n bá fà.

Odò kékeré kan la ibùdó oko náà já. Kò sí lórí máàpù ọmọkùnrin náà, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú jù fún kọ̀ǹpútà láti dá a mọ̀. Bàbá sọ orúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó fi àmì ohùn sí i dáadáa, ó tún kà á sí bàbá létí kó dájú.

Láti Ifẹ̀ mo gba Òṣogbo lọ. Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ hékítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àjùmọ̀ni aráyé ní 2005. Nínú àwòrán sátẹ́láìtì, ó dá yàtọ̀: igbó tó ṣú dúdú ní àárín òrùlé páànù. Àwọn olùsìn àti Susanne Wenger, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló gba igbó náà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á ní púlọ́ọ̀tì. Igi igbó náà dúró, ère dúró. Omi ni kò dúró bó ti wà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, omi náà pọ́n, ó ki, mi ò rí ẹsẹ̀ òkúta tó wà nínú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ jìn. Obìnrin kan tó wá pọn omi fún ọmọ rẹ̀ dúró létí odò, ó wo kèrègbè, ó wo omi. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ fún aráàlú rí pé kí wọ́n má mu ún, nítorí góòlù tí àwọn ènìyàn ń wà lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti Yúróòpù, tí wọ́n fi ẹ̀yọ kan ránṣẹ́ ní 2015 tí èkejì sì tẹ̀ lé e ní 2017, ń kọjá lórí wa ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó bá fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, ó ń rí i. Kòtò góòlù tuntun máa ń hàn nínú rẹ̀: ilẹ̀ pupa tó là sínú igbó, adágún kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti odò tó yí àwọ̀ padà láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ní ìgbà òjò, ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìgbà náà gan-an sì ni ẹrẹ̀ ń wọ odò jù. Rédà Sentinel-1 ń ríran gba inú ìkùukùu, ó ń rí bí ilẹ̀ ti yí padà, bí kò tilẹ̀ lè rí àwọ̀ omi. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ibi tí "lọ́hùn-ún" ìyá ẹlẹ́ja wà lè mọ̀ ọ́n, kò ná an ju dátà lọ.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kì í rí mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń yọ góòlù. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi ìgò bu omi, kó gbé e lọ sí láàbù, kó kọ ibi tó ti bù ú àti ọjọ́ tó bù ú. Kì í sì í rí ìdí tí ọmọkùnrin ọmọ ogún ọdún fi wọ kòtò tó lè wó pa á. Bí a bá ran ọlọ́pàá sí ojú àmì pupa kọ̀ọ̀kan lórí máàpù, tí a kò fi ìpele mìíràn lé e, ìpele ilé ìwé, ti títì, ti iṣẹ́, àwọn tó ń wa góòlù á sá níhìn-ín lónìí, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún lọ́la.

Ibi tó kẹ́yìn ni Ìgèdè-Èkìtì. Ọkọ̀ gba Iléṣà, ó gba kọ́nà òkè Ẹfọ̀n tí àwọn èrò máa ń dákẹ́ sí, ó kọjá Àrámọkọ, a dé. Níbí ni Ọ̀ṣun ti ń sun. Omi tó máa kún adágún Aṣẹ̀jìrẹ́ kò fẹ̀ ju ohun tí ọmọdé lè fò lọ. Ọkùnrin kan tó jẹ́ tíṣà ló mú mi rìn. Ó fi òpó súfíyọ̀ hàn mí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ olóko kan, kò jìnnà sí omi. "Wọ́n ti ń ta ilẹ̀ bọ̀ síhìn-ín," ó ní. "Ẹ sọ fún mi, sà, ta la máa sọ fún?"

Ìdáhùn tí mo lè fún un kò dùn. Àjọ odò Ògùn òun Ọ̀ṣun wà ní Abẹ́òkúta láti 1976, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó ló ń bójú tó. Èkìtì kò sí nínú rẹ̀. Abẹ́ àjọ Bìní òun Ọ̀wẹnà ni Èkìtì wà, Ìlú Bìní sì ni ilé iṣẹ́ wọn. Àjọ tó ń jẹ́ orúkọ odò náà kò ní àṣẹ ní ojúsun rẹ̀.

Níú Yọ́ọ̀kì ní irú ìṣòro yìí: òkè Catskill tó jìnnà sí ìlú ni omi wọn ti ń wá, ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ àti ìlú kéékèèké ni. Ní 1997, ìlú náà bá àwọn ará òkè ṣe àdéhùn, ó ń sanwó kí wọ́n lè ra ilẹ̀ etí omi tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà, kí wọ́n tún ọ̀nà ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, kí màlúù má wọ odò. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó máa sẹ́ omi lọ. Wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n sanwó fún nítorí pé wọ́n mọ ilẹ̀ tí omi wọn ti ń wá, oko sí oko.

Àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Máàpù náà wà ní Ifẹ̀, mo ti rí i. Àjọ DAWN tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ wà ní Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ilé tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ kọ́. Èkìtì wà nínú rẹ̀, Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀, Ọ̀yọ́ náà wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n gbé máàpù yìí sórí tábìlì níbẹ̀, kí wọ́n pe tíṣà láti Ìgèdè, ìyá ẹlẹ́ja láti Aṣẹ̀jìrẹ́ àti bàbá olóko láti Ifẹ̀, kí wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú owó omi tí Ìbàdàn ń san, kí wọ́n fi ra ilẹ̀ etí odò tí òpó súfíyọ̀ ti wọ̀ yìí, kó tó di ilé.